Ìbéèrè Ọmọ Kéwú Lórí Ọkọ̀ Tí Mo Tà

Bí a ti ń kí ara wa ní ilẹ̀ wa níbí ni mo fi kí yín: Okun o! Kíkí yìí náà ni àwọn ará ìta gbọ́ lẹ́nu wa títí tí wọ́n fi sọ ọ́ di orúkọ fún àwa Owé, Ìjùmú, Yàgbà, Bùnú àti Òwòrò.

Ohun tí mo fẹ́ kọ yìí kì í ṣe wàásù. Ẹni tí yóò ṣe wàásù lórí ọ̀rọ̀ yìí, kó jẹ́ ẹlòmíràn, nítorí èmi ni mo dá ẹ̀ṣẹ̀ ibẹ̀.

Ní ọjọ́ Àlàrùba kan nínú oṣù kọkànlá ọdún 2023, lẹ́yìn ìrun Aláásárì, mo ń kọ́ àwọn ọmọ ilé kéwú wa ní Kàbà ní hádíìsì olókìtì oúnjẹ. Ọ̀pọ̀ yín ló mọ̀ ọ́n. Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ń gba ọjà kọjá, ó rí oúnjẹ tí ẹnì kan kó jọ fún títà, ó ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀, ìka rẹ̀ sì kan ibi tó tutù. Ó béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Ọlọ́jà ní òjò ló pa á. Ànábì bi í pé kí ló dé tí kò kó èyí tó tutù sókè kí àwọn èèyàn lè rí i, ó sì jẹ́ kó mọ̀ pé ẹni tó bá ń rẹ́ni jẹ kò sí lára òun. Abú Huraira ló gbà á wá, ó sì wà nínú ìwé hádíìsì Muslim. Ó tó ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní hádíìsì yìí, débi pé ẹnu mi máa ń sọ ọ́ tán kí ọkàn mi tó dé ibẹ̀.

Ọmọkùnrin kan nawọ́ sókè. Kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́tàlá lọ. Ó ní, "Àfáà, bí ẹni tó fẹ́ rà á kò bá béèrè bóyá ó tutù ńkọ́? Ṣé ìrẹ́jẹ ṣì ni?"

Mo ní kó jókòó, pé a ó dé ibẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Irọ́ ni mo pa fún un. Kò sí nǹkan kan nínú iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ tó kan ìbéèrè rẹ̀. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé mo ti ta ọkọ̀ kan ní ọ̀sẹ̀ márùn-ún ṣáájú ọjọ́ náà, mo sì ti ná owó rẹ̀ tán.

Kí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ yìí lè yé yín, mo ní láti padà sí ìgbà tí mo wà lọ́mọdé. Nígbà náà, ọkọ̀ tí àwa ọmọdé àdúgbò lè fi ìró rẹ̀ mọ̀ kí a tó rí i kò pọ̀: ọkọ̀ àwọn fadá, lọ́rí tó ń kó iṣu lọ sí Lọ́kọ́ja, àti Peugeot 504 onílẹ̀kùn méjì ti ọ̀gá kan tó jẹ́ ọmọ àdúgbò wa, tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Ìlọrin. Abẹ́ Ìpínlẹ̀ Kwara ni a wà nígbà náà, kí wọ́n tó dá Kogi sílẹ̀ ní 1991. Àwọn àgbà máa ń sọ pé owó Udoji ló fi rà á, ìyẹn àfikún owó tí ìjọba san fún àwọn òṣìṣẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1975, tí gbogbo ìlú fi gbọ́ òórùn owó tuntun. Bí ọ̀gá yìí bá wálé ọdún, a ó sáré tẹ̀lé ọkọ̀ náà títí eruku yóò fi bò wá. Ó rẹlẹ̀, iwájú rẹ̀ gùn, àwọ̀ ewé ni. Mo ti fọwọ́ kan ilẹ̀kùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan rí, wọ́n sì gbá mi létí nítorí rẹ̀.

Gbogbo wa la mọ 504 onílẹ̀kùn mẹ́rin. Ilé-iṣẹ́ Peugeot gbé e jáde ní Paris ní 1968, wọ́n fún un ní oyè ọkọ̀ tó dára jù ní Yúróòpù fún ọdún 1969, nígbà tó sì di oṣù kẹta 1975, ilé-iṣẹ́ wọn tó wà ní Kàdúná bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó pọ̀ nílẹ̀ wa. Ó di ọkọ̀ ọ̀gá ìjọba, ó di ọkọ̀ olùkọ́ yunifásítì, nígbà tó gbó ó di ọkọ̀ akérò. Àwọn ará Faransé dáwọ́ rẹ̀ dúró ní 1983, Kàdúná kò dáwọ́ dúró. Ṣùgbọ́n onílẹ̀kùn méjì kì í ṣe ọmọ Kàdúná. Àwọn Pininfarina ti ilẹ̀ Ítálì ló ya ìrísí rẹ̀, àwọn náà ló ń ṣe ara rẹ̀ ní Turin kí wọ́n tó gbé e lọ sí Sochaux ní ilẹ̀ Faransé láti fi ẹ́ńjìnnì sí i. Nínú gbogbo 504 tí wọ́n ṣe láyé, tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́ta, nǹkan bí 31,000 péré ni onílẹ̀kùn méjì, àti èyí tí òrùlé rẹ̀ ń ká sẹ́yìn. Ọkọ̀ eré sísá ni. Ẹ má sì rò pé ọ̀dà dídán nìkan ló ní, nítorí 504 ló gba ipò kìíní nínú ìdíje Safari ní Kenya ní 1975, onílẹ̀kùn méjì oní-V6 tún gbà á ní 1978, nínú ẹrẹ̀ àti kòtò tó burú ju ti ọ̀nà wa lọ.

Ọ̀gá yìí kú, kí Ọlọ́hun fi orí jì í. Ní 2006 àwọn àrólé rẹ̀ fẹ́ ta ọkọ̀ náà kí wọ́n lè pín owó rẹ̀ mọ́ ogún. Wọ́n ní ₦160,000. Mo ti ń kó owó bulọ́ọ̀kù jọ nígbà náà láti mọ yàrá méjì kún ilé. Ẹ ò ní gbà mí gbọ́ bí mo bá ní mo ronú jinlẹ̀. Mo san owó náà lọ́jọ́ kejì, ẹ̀rù sì ń bà mí kí ẹlòmíràn má baà dé ibẹ̀ ṣáájú mi.

Nígbà tí mo gbé e dé ilé, ìyàwó mi jáde, ó yí ọkọ̀ náà ká lẹ́ẹ̀kan, ó ní, "Bàbá wọn, ọmọ mélòó la bí?" Mo ní mẹ́rin. Ó ní, "Ilẹ̀kùn mélòó ni ẹ rà?" Ó wọlé lọ. Títí di òní, bí ó bá fẹ́ kí n mọ̀ pé mo ṣe nǹkan láìronú, á kàn béèrè iye ilẹ̀kùn tó ní.

Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni mo bá ìwé kékeré kan nínú àpótí iwájú ọkọ̀, èyí tí ilé-iṣẹ́ fi bá a wá. Wọ́n kọ ọ́ sí i pé ẹ́ńjìnnì ínjẹ́ṣọ̀n ni. Inú mi dùn, nítorí mo ti gbọ́ pé ínjẹ́ṣọ̀n dára ju kábúrétọ̀ lọ. Mo gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì kan ní Kàbà, ọ̀gá tó mọṣẹ́, ọmọ ìjọ Àgùdà, kó bá mi yẹ̀ ẹ́ wò, nítorí ó ń rùn epo bí mo bá dúró, ó sì ń mu epo bí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ láti ìdí àná. Ọ̀gá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó wò ó, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Àfáà, ínjẹ́ṣọ̀n wo? Èmi ni mo yọ ọ́ dànù ní 1994. Kábúrétọ̀ Solex lẹ ń gùn yìí."

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìyàtọ̀ méjèèjì bó ti ṣàlàyé rẹ̀ fún mi, nítorí láti ọjọ́ yẹn ni mo ti fẹ́ràn iṣẹ́ wọn. Ẹ̀yin tí ẹ ti lo fìlíìtì ayé àtijọ́ rí, èyí tí a ń fi ọwọ́ tì láti pa ẹ̀fọn, ẹ ti mọ kábúrétọ̀. Atẹ́gùn ń gba ẹnu tóóró kọjá; bó ti ń yára kọjá, ó ń fa oògùn sókè láti inú agolo, oògùn náà sì ń fọ́n ká bí ìrì. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni. Ẹ́ńjìnnì ń fa atẹ́gùn, atẹ́gùn ń fa epo. Ojú kan náà ni sìlíńdà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti ń pín in, bí ọmọ mẹ́rin tó ń jẹun nínú àwo kan, òkèlè wọn kò lè dọ́gba. Ní ti ínjẹ́ṣọ̀n, pọ́ǹpù kan wà tí àwọn Kugelfischer ti ilẹ̀ Jámánì ṣe, bẹ́líìtì eléyín ló ń yí i. Písítíńnì kéékèèké mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń fi agbára ti epo gba páìpù tirẹ̀ lọ bá sìlíńdà tirẹ̀. Irin kan tún wà nínú rẹ̀ tó rí bí òkòtó, tí wọ́n fi ọgbọ́n gé ara rẹ̀ ní gíga àti ní kòtò. Òun ló ń wo bí ẹ́ńjìnnì ti ń yára tó àti bí ẹsẹ̀ awakọ̀ ti wúwo tó, kó tó díwọ̀n epo. Kò sí kọ̀ǹpútà kankan nínú rẹ̀ o. Irin lásán ló ń ṣe ìṣirò. Pẹ̀lú rẹ̀, ẹ́ńjìnnì náà ní agbára ẹṣin bíi 104. Oní-kábúrétọ̀ tó tóbi bákan náà ní bíi 93.

Mo bi ọ̀gá léèrè pé kí ló wá dé tó fi yọ nǹkan tó dára bẹ́ẹ̀. Ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní, "Ẹ ò sí ní 1994 ni, Àfáà?" Mo wà níbẹ̀. Mo rántí bí epo ti wọ́n ní ọdún wọ̀nyẹn, tí a ń ra epo inú kẹ́ẹ̀gì létí títì, tí wọ́n ti da omi pọ̀ mọ́ ọn, tí wọ́n sì ti fi karosíìnì là á. Pọ́ǹpù yẹn kò fẹ́ omi, kò sì fẹ́ ìdọ̀tí, nítorí irin inú rẹ̀ fi ara kan ara tó bẹ́ẹ̀ tí iyanrìn ẹyọ kan lè bà á jẹ́. Bó bá sì bàjẹ́, orí tábìlì ìdánwò pàtàkì ni wọ́n ti ń tún un ṣe, kò sì sí irú rẹ̀ ní Kàbà. Ọ̀gá tó ni ọkọ̀ ti gbé e lọ sí Kàdúná, ó ti gbé e lọ sí Ládipọ̀ ní Múṣín, ó ná owó títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Níkẹyìn ó ní kí mẹkáníìkì ṣe é bó bá ti mọ̀ ọ́n ṣe. Mẹkáníìkì mú orí ẹ́ńjìnnì 504 Kàdúná tó ti jálu, ó fi dípò orí ti ínjẹ́ṣọ̀n, ó gbé kábúrétọ̀ lé e. Lọ́jọ́ náà gan-an ni ọkọ̀ sáré dé Ìsánlú tó sì padà. Ó ní ọ̀gá náà fún òun ní owó àti aṣọ.

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti gbọ́ tí àwọn ọmọ òde òní ń bú àwọn mẹkáníìkì ẹ̀gbẹ́ títì pé wọ́n ń ba ọkọ̀ jẹ́. Èmi kò bá wọn bú wọn. Ọkọ̀ tó dúró kì í gbé aboyún lọ sí ọsibítù. Ohun tí ọwọ́ wọn lè tún ṣe ní òru, pẹ̀lú sọ́kẹ́ẹ̀tì àti iná tọ́ọ̀ṣì, ni wọ́n fi rọ́pò ohun tí ọwọ́ wọn kò tó.

Nígbà tí mo padà sílé, mo ronú bóyá kí n dá ọkọ̀ náà padà fún àwọn àrólé. Nínú ìlànà Màlíkì tí a ń tẹ̀lé nílẹ̀ wa, bí ó ti wà nínú Rísálà ti Ibn Abí Zayd ará Qayrawan, ẹni tó bá rí àléébù tó ti wà lára ọjà kó tó rà á lè dá a padà kó gba gbogbo owó rẹ̀, tàbí kó mú un bẹ́ẹ̀ láìgba kọ́bọ̀. Bí àléébù mìíràn bá ti wọ̀ ọ́ nígbà tó wà lọ́wọ́ ẹni tó rà á, ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ ìdínkù owó máa ń wọlé. Mo mọ̀ pé àwọn ọmọ ọ̀gá náà kò fi nǹkan kan pamọ́; ìgbà tí bàbá wọn yí i padà, ọ̀kan wà ní Jos, ọ̀kan wà ní Èkó. Bẹ́ẹ̀ ni mo ti fẹ́ràn ọkọ̀ náà. Mo mú un bẹ́ẹ̀, mo sì yọ̀ǹda ìyókù.

Ọdún mẹ́tàdínlógún ni mo fi gùn ún. Mo fi lọ sí yìgì ní Ògìdì, mo fi lọ kí òkú ní Mọ̀pà, mo fi gba ọ̀nà Ọ̀bàjánà lọ sí Lọ́kọ́ja láàárín àwọn tírélà sìmẹ́ǹtì. Bí mo bá ń jáde nínú rẹ̀ pẹ̀lú agbádá, mo ní láti kọ́kọ́ kó aṣọ jọ bí obìnrin tó fẹ́ sọdá odò. Àwọn kan nínú jámà ní kò yẹ àfáà. Mo ní kí wọ́n ra èyí tó yẹ mi fún mi. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà máa ń parí sí.

Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, wọ́n kéde pé owó ìrànwọ́ lórí epo ti tán. Epo tí kò tó ₦200 lítà kan di ohun tó lé ní ₦500. Ọkọ̀ tó ti ń mu epo bí ọ̀mùtí láti ìbẹ̀rẹ̀ di ohun tí mo ń wò láti ojú fèrèsé. Ní oṣù kẹsàn-án, ọmọbìnrin mi kan rí àyè wọ yunifásítì. Owó tí wọ́n ní kó san pẹ̀lú owó ibùgbé, mi ò ní in, ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ olùkọ́ kéwú mọ iye tí owó Àlàrùba ń jẹ́.

Ẹnì kan ya fọ́tò ọkọ̀ náà, ó fi ránṣẹ́ káàkiri. Kò pé ọjọ́ mẹ́rin tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan fi pè mí láti Àbújá. Ọmọ Yàgbà ni bàbá rẹ̀, ó kí mi pẹ̀lú Okun, ó bọ̀wọ̀ fún mi. Ó ní òun ń wá irú ọkọ̀ yìí láti ọjọ́ pípẹ́, pé irú rẹ̀ tí ara rẹ̀ ṣì pé ti di ohun àwárí. Ó ní, "Àfáà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ́ńjìnnì tó bá a wá láti ilẹ̀ Faransé ló ṣì wà nínú rẹ̀?"

Mo ní, "Òun náà ni. Nọ́ńbà ara rẹ̀ bá ìwé mu."

Ẹ wo ọ̀rọ̀ yẹn dáadáa. Kò sí irọ́ kankan nínú rẹ̀. Ara ẹ́ńjìnnì náà kò yí padà, nọ́ńbà náà wà níbẹ̀. Orí rẹ̀ ni wọ́n yí padà. Mo tún ya fọ́tò ìwé kékeré inú àpótí tó sọ pé ínjẹ́ṣọ̀n ni, mo fi ránṣẹ́ sí i. Ìwé kò purọ́, èmi náà kò purọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí mo tẹ bọ́tìnì fóònù yẹn, mo mọ ohun tí mo ń ṣe. Ó rán ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ kan wá wo ọkọ̀ náà, oníṣòwò aṣọ ni, kò mọ kábúrétọ̀ yàtọ̀ sí bátìrì. Ó yí ọkọ̀ náà ká, ó ní ó dára, ó san ₦1,400,000, wọ́n sì gbé e sórí ọkọ̀ ńlá lọ. Ọmọbìnrin mi wọ ilé-ìwé.

Nítorí náà, nígbà tí ọmọ kéwú nawọ́ sókè lọ́jọ́ Àlàrùba yẹn, ó ti ọwọ́ bọ inú òkìtì èmi gan-an.

Mi ò lè sùn lóru náà. Mo bá ara mi jà bí agbẹjọ́rò. Mo ní, kí ni àléébù? Àwọn onímọ̀ ní ohun tó bá ń dín iye ọjà kù lójú àwọn tó ń ṣòwò rẹ̀ ni. Ní Kàbà, ta ni yóò dín owó 504 kù nítorí pé ó lo kábúrétọ̀? Wọn yóò tilẹ̀ fi kún un! Mo ti fẹ́ gba ara mi láre tán nígbà tí mo rántí pé kì í ṣe ará Kàbà ni mo tà á fún. Ọjà tí ọmọ náà wá ná, ọjà àwọn tó ń wá ọkọ̀ bó ti jáde láti ilé-iṣẹ́ ni, àṣà ọjà tirẹ̀ ni wọ́n ń wò. Òun sì ti béèrè. Ọmọ kéwú mi ń sọ ti ẹni tí kò béèrè; tèmi burú ju ìyẹn lọ.

Lẹ́yìn ìrun Sùbúì mo gba ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì lọ. Ó ti darúgbó, àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ báyìí, òun kàn ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì. Mo rò fún un. Mo retí pé yóò ní kí n fọkàn balẹ̀, nítorí òun ló máa ń sọ pé àánú ni kábúrétọ̀ jẹ́ fún ẹ̀dá. Kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Àfáà, ṣé ẹ sọ fún un pé mo yí i?" Mo ní rárá. Ó dákẹ́ títí, ó wá ní, "Bàbá tó ni ọkọ̀ mọ̀. Èmi tí mo ṣe é mọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ rà á, mo sọ fún yín lójú ẹsẹ̀. Òun nìkan ni kò mọ̀." Mo ti gbọ́ wàásù lẹ́nu àwọn àfáà ńlá, kò sí èyí tó dùn mí bẹ́ẹ̀.

Bí mo ti fẹ́ dìde, ó nawọ́ sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Irin dúdú kan wà níbẹ̀ tí wọ́n fi ń ti ilẹ̀kùn kí atẹ́gùn má baà gbá a dé. Ó ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ tí mo ti ń lọ síbẹ̀, mo ti jókòó lé e rí. Ó ní, "Pọ́ǹpù rẹ̀ rèé." Orí ẹ́ńjìnnì àtijọ́ ńkọ́? Ó rán ọmọ iṣẹ́ kan wọ inú àká, wọ́n túlẹ̀ fún nǹkan bí wákàtí kan, wọ́n sì bá a lábẹ́ àwọn jíà tó ti dógùn-ún, pẹ̀lú páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ méjì nínú mẹ́rin. Mo béèrè iye tó fẹ́ gbà. Ó ní òun kì í ta ìdádúró ilẹ̀kùn.

Mo pe ọmọ Àbújá náà kí ọkàn mi tó yí padà. Mo kí i, mo ní mo ní ọ̀rọ̀ kan láti sọ nípa ẹ́ńjìnnì. Ó ní, "Àfáà, mo ti mọ̀. Ọjọ́ tó dé ni a ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Mo ti fẹ́ pè yín, mo ní kí n kọ́kọ́ wò ó bóyá ẹ ó pe èmi." Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ló fi dúró. Mi ò mọ ohun tí mo lè sọ, mo kàn ń tún orúkọ Ọlọ́hun pè.

Ó wá sí Kàbà fúnra rẹ̀ ní oṣù kejìlá. Èmi ti rò pé ó lè dá ọkọ̀ padà, ẹ̀rù sì ń bà mí nítorí pé owó ti lọ. Ṣùgbọ́n ó ti ha gbogbo ọ̀dà ara rẹ̀ dànù, ó ti tú àga rẹ̀, kò sì fẹ́ dá a padà. A jókòó sí ìta ilé mi, ìyàwó mi gbé omi àti iyán wá. Mo ṣàlàyé ohun tí ìwé wí fún un, pé níwọ̀n ìgbà tí ọjà ti yí padà lọ́wọ́ rẹ̀, ó lè mú un kí n dá ìyàtọ̀ owó padà fún un. Òun náà ti bá àwọn tó mọ̀ ọ́n sọ̀rọ̀. Ó ní ₦500,000. Mo ní kó gbé e wò, nítorí pọ́ǹpù àti orí ẹ́ńjìnnì ti wà nílẹ̀. Ó wo pọ́ǹpù náà, ó yí bẹ́líìtì rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́. Kò yí. Ó ní bó bá jẹ́ pé ó gan lásán ni, ẹnì kan wà nílẹ̀ òkèèrè tó lè tún un ṣe. Bó bá jẹ́ pé inú rẹ̀ ti jẹ, a jẹ́ pé irin ìdádúró ilẹ̀kùn náà ni. A pinnu sórí ₦350,000. Mo san ₦150,000 lójú ẹsẹ̀, owó àgbò méjì tí mo ti ń bọ́ sílẹ̀ fún Iléyá wà nínú rẹ̀.

Ó fi àpò ìrẹsì wé pọ́ǹpù náà, ó gbé e sí ẹ̀yìn ọkọ̀ tó gbé e wá. Kò bú mi, kò sì sọ pé ó tán. Ó kàn ní, "Àfáà, ẹ jẹ́ kí n máa gbọ́ yín," ó sì lọ.

Ní ọjọ́ Àlàrùba tó tẹ̀lé e, mo sọ fún àwọn ọmọ pé mo jẹ wọ́n ní ìdáhùn kan. Mo tún hádíìsì náà sọ, mo wá sọ ti ọkọ̀, láti orí fọ́tò ìwé títí dé orí àgbò. Wọ́n dákẹ́ bí ẹni pé wọ́n wà nínú ìrun. Àwọn kan nínú wọn ti wọ ọkọ̀ náà rí, mo ti fi kó wọn lọ sí Máólúdì. Ọmọ tó béèrè lọ́jọ́sí tún nawọ́. Mo ti ń gbọ̀n.

Ó ní, "Àfáà, ₦200,000 tó kù ńkọ́? Ìgbà wo lẹ máa san án?"

Mo ní ó di àsìkò kajú.

Ó ní, "Ṣé ẹ ti kọ ọ́ sílẹ̀?"

Mo ní kó mú wàláà rẹ̀ wá. Ibẹ̀ ni mo kọ ọ́ sí, lójú gbogbo wọn, iye owó náà àti oṣù tí mo dá, wọn kò sì fọ̀ ọ́ títí mo fi san án tán ní oṣù kẹrin ọdún 2024.